Oúnjẹ fún Àgbọ̀nrín àti Ẹranko Ìgbẹ́ Mìíràn

Láti ìgbà tí a ti kọ́ àwọn ilé Bódìjà ní òpin àwọn ọdún 1950 ni ilé ti ń lé igbó sẹ́yìn ní Ìbàdàn. Ọmọdé tí a bí sí Agbowó tàbí Challenge lè dàgbà láìrí ojú ẹsẹ̀ ẹtu rí, àfi ẹran rẹ̀ nínú ọbẹ̀.

Síbẹ̀, igbó a máa padà bí a bá gbà á láyè. Ní ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí à ń pè ní IITA wà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967 lórí nǹkan bí 1,000 hẹ́kítà ilẹ̀. Nǹkan bí 350 hẹ́kítà nínú rẹ̀ ni a fi sílẹ̀ fún igbó. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti jẹ́ oko àwọn ará abúlé rí. A dẹ́kun ríro, a kò sì gba ọdẹ láyè. Igi hù, àgbọ̀nrín àti ẹtu sì rí ibùgbé. Ẹyẹ kékeré kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi orúkọ Ìbàdàn pè ní ọdún 1958. Kò sí ibòmíràn ní ayé tí a ti ń rí i bí kò ṣe gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà.

Nítorí náà, ẹni tí ó ní ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú, tí ó sì fẹ́ kí ẹranko wá, kí ó kọ́kọ́ fi ibi ìsápamọ́ sílẹ̀. Àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà a máa gbin oko ewéko fún ẹran tiwọn, èyí tí ìwo rẹ̀ ń já bọ́ lọ́dọọdún. Ìwo àgbọ̀nrín ilẹ̀ Yorùbá kì í já, ìwà rẹ̀ sì yàtọ̀: òun nìkan ni í sábà máa jẹ, ní ìdájí, ní ìrọ̀lẹ́ àti ní òru, kì í sì í fẹ́ jìnnà sí ìgbòrò. Kí oko náà jẹ́ tóóró, kí ó gùn lẹ́bàá igbó. Oko gbalasa tí kò ní ibi ìsápamọ́ kò wúlò fún un.

Ní ti ohun gbígbìn, èèsún ni ti òyà. Ewé ọ̀dùnkún àti ti ẹ̀wà ni ti àgbọ̀nrín, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ tí ó ti sunkún lórí oko ẹ̀wà rẹ̀ ti mọ̀. Ẹtu fẹ́ èso tí ó bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ka ìyeyè tí a gé, tí a sì rì mọ́lẹ̀ nígbà òjò, a máa hù wẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀tọ́ sì dára fún ẹyẹ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà òjò ni ebi ń pa ẹranko. Nígbà náà, gbogbo ilẹ̀ ni oúnjẹ. Láti oṣù December títí di March ni ìyà wà, nígbà tí koríko gbẹ tí iná sì ń jó igbó. Agbálùmọ̀ a máa so ní àkókò yìí gan-an. Ọ̀dùnkún inú àkùrọ̀ náà a máa tutù. Kí a ro ilẹ̀ yí oko náà ká ṣáájú ọyẹ́, kí iná má baà wọ̀ ọ́.

Ẹni tí ó ń gbin oúnjẹ láti fi fa ẹran wá sẹ́nu ìbọn ń sọ igbó di òfo ni. Kí oko náà sì jìnnà sí ẹ̀gẹ́ aládùúgbò, nítorí ẹran kò mọ ààlà.

Kí ó jìnnà sí ilé pẹ̀lú. Ibi tí oúnjẹ bá wà, eku ń bọ̀, ejò sì ń tẹ̀lé eku. Ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní ọdún 1969, láti ara irú eku kan ni ó ti ń wá. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń ba oúnjẹ jẹ́. Kí gàárì àti èlùbọ́ wà nínú agolo tí ó ní ìdérí, kí a má sì sá wọn sí ilẹ̀.