Ìwé Tó Gba Físà àti Ìwé Tó Ń Gbani: Bí A Ṣe Ń Ka Ìwé Adójútòfò Ìlera fún Ìrìnàjò

Àkókò tí lẹ́tà ìgbaniwọlé, ìwé ìpè sí àpérò àti ìfilọ̀ ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ń wọlé la wà yìí. Lórí WhatsApp ẹ̀ka wa, ìbéèrè tí à ń bi ara wa kò ju mẹ́rin lọ: físà ńkọ́? Tíkẹ́ẹ̀tì ti di èló? Níbo la máa sùn? Ta ló máa kọ lẹ́tà fún wa? Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè pé, bí àìsàn bá dé lọ́hùn-ún, ta ló máa sanwó ilé ìwòsàn? Ìwé adójútòfò ìlera ni ìdáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà á bí ẹni ra fọ́ọ̀mù. Ẹ̀yìn gbogbo nǹkan la máa ń rántí rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń bá wa ṣètò físà la ti máa ń rà á, a kì í sì í ka ju ojú ewé kìn-ín-ní lọ.

Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ìwé tó tó gba físà lè máà tó gbà yín lọ́jọ́ àìsàn. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ara ẹni ló yẹ ká wò kí a tó ra ìwé adójútòfò, lẹ́yìn náà kí a ka ìwé ọ̀hún fúnra wa. Ó yẹ kí èyí rọ àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè lọ́rùn, nítorí iṣẹ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ

Ní ìgboro, ínṣọ́ránsì là ń pè é. Nínú ìròyìn, ẹ ó máa gbọ́ "adójútòfò". Bí a bá fọ́ ọ̀rọ̀ yìí sí mọ́fíìmù, a ó rí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, a ó rí "dójú tì", a ó sì rí "òfò". Ìpajẹ fáwẹ́lì ṣẹlẹ̀ láàrin "tì" àti "òfò", ó wá di "tòfò". Ohun tó ń dójú ti òfò ni.

Ẹ ṣàkíyèsí pé orúkọ náà kò ṣèlérí pé òfò kò ní wá. Àdéhùn lásán ni: ẹ san owó díẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan, ilé iṣẹ́ náà sì gbà láti san owó ńlá bí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé bá ṣẹlẹ̀, láàrin ọjọ́ tí wọ́n kọ, ní ibi tí wọ́n kọ. Òfò tí ìwé bá dárúkọ nìkan ni ojú máa tì. TISHIP tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gbà mọ́ owó iléèwé wa kò lè bá yín kọjá ẹnubodè, Nàìjíríà ni àdéhùn tirẹ̀ mọ.

Ohun tí físà Schengen ń béèrè

Ẹ jẹ́ ká fi físà Schengen ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni àwọn tó ń lọ sí àpérò tàbí ẹ̀kọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Yúróòpù sábà máa ń gbà. Orílẹ̀-èdè 29 ló wà nínú ètò náà, físà ọ̀hún sì wà fún ìdúró tí kò ju 90 ọjọ́ lọ láàrin 180 ọjọ́. Òfin físà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2009 sọ pé iye tí ìwé adójútòfò yín lè san kò gbọdọ̀ dín sí €30,000. Ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè Schengen, kó sì kárí gbogbo ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò níbẹ̀. Ohun tó gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ ni dídá aláìsàn padà sílé, ìtọ́jú tí kò ṣeé dá dúró, ìtọ́jú pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn, àti ìnáwó tí ikú bá mú wá.

Ẹ fi ojú onímọ̀ èdè wo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn. Òfin kò sọ̀rọ̀ ìtọ́jú lásán, ìtọ́jú kánkán àti ti pàjáwìrì ló dárúkọ. Àyẹ̀wò ara, oògùn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ àti ìgò ojú kò sí nínú ohun tó fi dandan lé. €30,000 náà kì í sì í ṣe owó tí ẹnikẹ́ni máa kó fún yín. Òkè ibi tí ilé iṣẹ́ náà máa san owó dé ni.

Ọ̀rọ̀ ibi náà tún wà ńlẹ̀. London kò sí nínú Schengen, Dublin náà kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kúrò ní àpérò Paris kí ẹ yà kí ẹ̀gbọ́n yín ní Peckham, ìwé tó dárúkọ Schengen nìkan kò ní ṣiṣẹ́ fún yín níbẹ̀.

Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé físà wò máa wo iye owó, yóò wo ọjọ́, yóò wo ibi. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ó parí. Kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láti mọ àìsàn tó ń bá yín jà. Iṣẹ́ tiyín nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó yẹ kí ẹ wá nínú ìwé náà

Ìwé-ẹ̀rí olójú ewé kan tí ẹ mú lọ fún físà kọ́ ni àdéhùn. Àdéhùn gan-an gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́. Ẹ béèrè fún un kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì wá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jáde.

Èkíní ni "definitions". Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ náà ti ń fún ọ̀rọ̀ ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Nínú kíláàsì, a kọ́ pé àwọn tó ń sọ èdè ló ń pinnu ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Nínú àdéhùn, ẹni tó kọ ọ́ ló ń pinnu. Ohun tí ẹ̀yin ń pè ní pàjáwìrì lè máà jẹ́ "emergency" nínú ìwé wọn. Eyín tó ń dùn yín láti òru mọ́jú, pàjáwìrì ni lójú yín, ṣùgbọ́n ìwé lè sọ pé eyín tí ìjàm̀bá kán nìkan ni àwọn mọ̀.

Èkejì ni "excess", tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní "deductible". Owó tí ẹ máa kọ́kọ́ yọ lápò ara yín nìyẹn kí ilé iṣẹ́ tó dá sí i. Bí excess bá jẹ́ €100, tí owó ilé ìwòsàn sì jẹ́ €640, €540 ni wọ́n máa san. Bí owó ìtọ́jú bá jẹ́ €80, ẹ̀yin lẹ ni gbogbo rẹ̀. Ìwé tí owó rẹ̀ wálẹ̀ jù lọ lè jẹ́ èyí tí excess rẹ̀ ga jù.

Ẹ̀kẹta ni "exclusions", àwọn ohun tí wọn kò ní san owó rẹ̀. Ẹ ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń yọ ìpalára tó bá ẹni tó mutí yó, eré ìdárayá eléwu, àti ìrìnàjò tí ènìyàn dìídì rìn nítorí ìtọ́jú.

Ẹ̀kẹrin ni "assistance". Nọ́ńbà fóònù kan máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbé tọ̀sán-tòru. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ló sọ pé kí ẹ pe nọ́ńbà yẹn kí wọ́n tó dá yín dúró sílé ìwòsàn, tàbí ní kété tó bá ṣeé ṣe. Ẹni tí kò bá pè, wọ́n lè dín owó rẹ̀ kù, wọ́n sì lè kọ̀ jálẹ̀.

Àìsàn tó ti wà lára kí ẹ tó gbéra

Gbólóhùn kan wà tó jù gbogbo rẹ̀ lọ: "pre-existing condition". Àìsàn tó ti wà lára yín kí ẹ tó ra ìwé ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, asthma àti ẹ̀jẹ̀ SS wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú fún físà ló yọ gbogbo wọn kúrò pátápátá.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jẹ́ SS ń lọ sí àpérò ọjọ́ mẹ́fà ní Leipzig nínú oṣù kejì. Òtútù wà níta, kò sì mu omi tó nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ní ọjọ́ kejì, kíráísìsì dé. Ilé ìwòsàn tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì kọ bíìlì fún un. Ìwé €30,000 wà nínú báàgì rẹ̀. Ilé iṣẹ́ adójútòfò béèrè fún ìwé dókítà, wọ́n rí i pé SS ni, wọ́n sì ṣí ojú ewé exclusions. Pàjáwìrì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n orírun rẹ̀ ti wà kí ó tó ra ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ náà àti àwọn òbí rẹ̀ ló máa san owó yẹn.

Ohun tó yẹ kó ṣe kí ó tó gbéra kò le. Àkọ́kọ́, kó fi ímeèlì béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà bóyá ìwé wọn máa san owó bí kíráísìsì bá dé lójijì, kó sì tọ́jú èsì wọn. Ìlérí ẹnu kò wúlò. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń gbà bí ẹ bá fi owó díẹ̀ kún un, àwọn mìíràn máa ń gbà kìkì bí àìsàn náà bá dédé gbóná, àwọn kan kì í gbà rárá. Èkejì, kó má ṣe fi àìsàn náà pamọ́ nínú fọ́ọ̀mù wọn. Bí wọ́n bá rí i lẹ́yìn náà pé ẹ parọ́, ìyẹn nìkan tó ìdí láti má san kọ́bọ̀. Ẹ̀kẹta, kó gba lẹ́tà dókítà lédè Gẹ̀ẹ́sì, kó sì gbé oògùn rẹ̀ dání nínú páálí tó bá a wá láti ilé oògùn.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá sọ̀rọ̀ àìsàn, físà máa bàjẹ́. Ìwé-ẹ̀rí tí ẹ ń fà lé òṣìṣẹ́ físà lọ́wọ́, iye owó, ọjọ́ àti ibi ló wà fún. Ẹ má torí ẹ̀rù yẹn ra ìwé tí kò mọ̀ yín.

Bí ìrìnàjò bá gùn ju àpérò lọ

Ẹni tó ń lọ kàwé ní Bìrìtéènì pẹ̀lú físà tó ju oṣù mẹ́fà lọ máa san owó ìlera fún ìjọba wọn mọ́ owó físà. Láti ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2024, £776 lọ́dún ni ti akẹ́kọ̀ọ́. Físà Másítà ọlọ́dún kan sábà máa ń lé ní ọdún kan díẹ̀, nítorí náà £1,164 ni ọ̀pọ̀ ń san. Owó yìí ló ń jẹ́ kí ẹ lo NHS bí onílé. Síbẹ̀, kò ní san tíkẹ́ẹ̀tì láti dá aláìsàn padà sílé, ẹ sì máa san owó eyín. Ẹni tó lọ kí ará fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò sí nínú ètò yìí. Wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ẹ̀ka pàjáwìrì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá a dúró sí wọ́ọ̀dù, ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìtọ́jú náà ń ná NHS ni wọ́n lè kọ fún un.

Ní Jámánì, ìwé ìrìnàjò lè gbé yín wọlé, ṣùgbọ́n yunifásítì kò ní gbà á fún ìforúkọsílẹ̀. Adójútòfò ìlera tí òfin ibẹ̀ mọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń béèrè.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ti ẹ̀ka wa lọ kọ́ni ní èdè Yorùbá lábẹ́ ètò Fulbright máa ń lo físà J-1. Òfin J-1 sọ pé adójútòfò náà kò gbọdọ̀ dín sí $100,000 fún àìsàn tàbí ìjàm̀bá kọ̀ọ̀kan, $50,000 fún gbígbé aláìsàn kúrò níbẹ̀, àti $25,000 fún gbígbé òkú wálé. Deductible kò gbọdọ̀ ju $500 lọ. Síbẹ̀ òfin kan náà gbà kí wọ́n ní kí ẹ fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìtọ́jú. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí bíìlì bá jẹ́ $4,000, ẹ máa san $500, ẹ ó sì tún san ìdá mẹ́rin $3,500 tó kù, ìyẹn $875. $1,375 ti jáde lápò yín, ìwé yín sì pé láìkù síbì kan.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ mú ìwé adójútòfò tí ẹ ti rà tàbí tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí láti inú àdéhùn fúnra rẹ̀, kì í ṣe láti ẹnu ẹni tó tà á:

1. Orílẹ̀-èdè wo ni ìwé náà dárúkọ, ṣé gbogbo ibi tí ẹ máa yà sí ló wà níbẹ̀?
2. Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ wo ló parí, ṣé ó kárí ọjọ́ ìpadàbọ̀ yín?
3. Èló ni excess?
4. Báwo ni wọ́n ṣe túmọ̀ "emergency"?
5. Kí ni wọ́n sọ nípa àìsàn tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀?
6. Nọ́ńbà wo lẹ máa pè, ṣé ẹ ti kọ ọ́ sínú fóònù yín àti sórí ìwé?
7. Ìwé wo ni wọ́n máa béèrè kí wọ́n tó dá owó padà, tí ẹ bá ti fi owó ara yín san án?

Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilé iṣẹ́ tó ta ìwé náà ní ìwé àṣẹ NAICOM, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ní Nàìjíríà. Bí àìsàn bá dé ní Yúróòpù, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ kọ́kọ́ gba ẹ̀mí là, kí ẹ tó pe ilé iṣẹ́ adójútòfò, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì àti ìwé dókítà.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ sì wà lọ́hùn-ún, bí àbúrò kan bá béèrè ọ̀rọ̀ físà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi ìbéèrè karùn-ún yẹn kún ìmọ̀ràn yín.