Bí A Ti Ń Yan Síìlì Tí Ó Yẹ Ẹ̀rọ

Ní agbègbè Òdìgbó, láti Òrè títí dé Àràròmí-Obù, ẹ̀rọ ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ tí àwọn baba ńlá fi ọwọ́ ṣe. Ẹ̀rọ ni a fi ń la gẹdú, òun ni a fi ń rin gbágùúdá, òun ni a fi ń fún epo pupa, òun náà ni ó sì ń fa omi láti inú kànga jíjìn. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí yàtọ̀ sí ara wọn, ṣùgbọ́n ohun kékeré kan wà tí gbogbo wọn ń lò, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí títí di ọjọ́ tí ó bá bàjẹ́. Ohun náà ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní síìlì.

Iṣẹ́ síìlì kò ju méjì lọ. Èkíní ni pé kí ó dá ọ́ìlì, gírísì tàbí omi dúró níbi tí irin tí ń yí, èyí tí a ń pè ní ṣáfítì, gbé yọ kúrò nínú ilé ẹ̀rọ. Èkejì ni pé kí ó má ṣe jẹ́ kí eruku, lẹ́búlẹ́bú pákó àti omi òjò wọ inú ilé náà. Àwọn àgbà a máa wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè rí ibẹ̀ wọ̀. Ibi tí ṣáfítì gbé yọ ni ẹnu ògiri ẹ̀rọ. Síìlì ni ó ń dí ẹnu náà.

Òfò tí ó wà nínú kí ọ́ìlì máa kán kì í ṣe kékeré. Bí ó bá ń kán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, yóò kán ní ìgbà 28,800 láàárín wákàtí 8. Bí ẹ̀kán 20 bá jẹ́ mìlílítà kan, èyí tí ó ṣòfò ní ọjọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan àti ààbọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni eku ń jẹ awọ. Èyí tí ó burú jù ni ti ẹ̀rọ oúnjẹ: bí ọ́ìlì ẹ̀rọ bá kán sínú epo pupa tàbí sínú gbágùúdá tí a rin, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ lè má mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí kì í ṣe oúnjẹ ni ó ń jẹ.

ORÍṢÌÍ SÍÌLÌ

Èkíní ni pákíìnì, èyí tí ó pẹ́ jù láyé. Okùn òwú tí a fi gírísì tàbí ohun mìíràn tí ń yọ̀ kun ni. A ń ká a yí ṣáfítì pọ́ǹpù ká, a sì ń fi bóòtì fún un mọ́lẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì rọrùn láti pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí omi máa kán díẹ̀ lára rẹ̀, nítorí omi náà ni ó ń mú kí ó tutù. Ẹni tí ó bá fún un jù kí omi má baà kán rárá yóò jó o, yóò sì ha ṣáfítì. Nínú pákíìnì ayé àtijọ́, a máa ń rí asbestos, tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ha á ní gbígbẹ.

Èkejì ni ọ́ìlì síìlì, òrùka rọ́bà tí ó ní irin nínú, tí ètè rẹ̀ sì ń fara kan ṣáfítì. Òun ni ó wà nínú ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì. Ó dára fún ọ́ìlì tí kò ní agbára púpọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta ni ó-ríìngì àti gásíkẹ́ẹ̀tì. Àárín irin méjì tí kì í yí ni a sábà máa ń fi wọ́n sí.

Ẹ̀kẹrin ni mẹkáníkà síìlì, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù òde òní. Ojú méjì tí ó dán ni ó ní. Ọ̀kan ń yí, èkejì dúró, sípírínǹgì sì ń tì wọ́n pọ̀. Omi kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kán lára rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, iyanrìn sì ni ọ̀tá rẹ̀. Bí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́ láìsí omi nínú rẹ̀, kì í pẹ́ tí yóò fi jó.

RỌ́BÀ KÒ JẸ́ Ọ̀KAN NÁÀ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé ń ṣìnà, nítorí gbogbo rọ́bà dúdú ni ó jọ ara wọn lójú. Igi rọ́bà pọ̀ ní Àràròmí-Obù, oje funfun tí a ń gbà lára rẹ̀ sì wúlò káàkiri àgbáyé láti ìgbà tí Charles Goodyear ti Amẹ́ríkà ti rí i ní ọdún 1839 pé imí ọjọ́ àti iná ń mú un le. Rọ́bà yìí dára fún omi. Ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí dísù bá kàn án, yóò wú, yóò rọ̀, yóò sì ya. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ Jámánì fi ṣe rọ́bà mìíràn ní àwọn ọdún 1930, èyí tí a ń kọ lẹ́tà NBR sí lára páálí rẹ̀. Òun ni ó yẹ fún ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, dísù àti epo pupa, bí ìgbóná rẹ̀ kò bá ju ti omi tí ń hó lọ. Rọ́bà EPDM dára fún omi gbígbóná àti ooru omi, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń bà á jẹ́. FKM lè fara da ọ́ìlì àti ìgbóná tí ó tó 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òrùka rọ́bà kò jámọ́ nǹkan. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1986, ọkọ̀ òfuurufú Challenger ti Amẹ́ríkà fọ́ yángá ní ìṣẹ́jú àáyá 73 lẹ́yìn tí ó gbéra, ènìyàn méje sì kú. Òtútù òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ó mú kí ó-ríìngì le, tí kò fi lè dí àlàfo rẹ̀ mọ́. Ní Òdìgbó, òtútù kọ́ ni ó yẹ kí a bẹ̀rù bí kò ṣe ìgbóná ibi ìfúnpo.

BÍ A TI Ń FI Í SÍ I

Síìlì tuntun lórí ṣáfítì tí ó ti jẹ́ ihò, tàbí tí béárìnnì rẹ̀ ti jẹ tí ó sì ń mì, owó ṣíṣòfò ni. Kí a kọ́kọ́ tún ìwọ̀nyí ṣe. Lẹ́yìn náà, kí a nu ṣáfítì mọ́, kí a fi gírísì díẹ̀ pa ètè síìlì, kí a kọ ojú ètè náà sí ibi tí ọ́ìlì wà, kí a sì fi igi pẹlẹbẹ tì í wọlé ní dọ́gbadọ́gba. Kí a má ṣe fi òòlù lu ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń lọ ra síìlì, kí ó mú ti àtijọ́ lọ́wọ́, kí ó sì ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Bí a bá kọ 35-52-7, ìbú ṣáfítì jẹ́ mìlímítà 35, ìbú ihò tí síìlì yóò wọ̀ jẹ́ 52, sísanra síìlì sì jẹ́ 7. Kí ó tó san owó, kí ó lè dáhùn ìbéèrè mẹ́rin: Kí ni síìlì náà yóò dá dúró, omi ni tàbí ọ́ìlì? Báwo ni ibẹ̀ ti gbóná tó? Ṣé irin náà ń yí, tàbí ó dúró? Ṣé iyanrìn tàbí eruku wà níbẹ̀? Ẹni tí ó bá ní ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ní ra èyí tí owó rẹ̀ kéré jù nítorí owó nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ra èyí tí ó wọ́n jù láìnídìí. Èyí tí ó yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ ni yóò rà.