Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Bí A Ṣe Ń Ṣe Olórí Ọ̀wẹ̀ Àtúnṣe Ilé

Àwọn àgbà ní òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Àwa ará Alápẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé òótọ́ ni. Ilẹ̀ wa rẹlẹ̀, ọ̀sà kò jìnnà sí wa, òjò sì máa ń rọ̀ gidigidi láti oṣù kẹrin títí di oṣù keje. Ilé tí páànù rẹ̀ bá ti dípẹtà yóò máa jò. Bí olówó ló ni ín, yóò pe káfíńtà. Bí ó bá jẹ́ ìyá arúgbó tí kò ní olùrànlọ́wọ́ ńkọ́? Garawa ni yóò máa gbé kiri inú yàrá.

Ìsinmi gígùn ilé ìwé bọ́ sí oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò máa ń dá díẹ̀. Àkókò yìí ló dára kí àwọn ọ̀dọ́ bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ tún ilé ṣe. Bí ẹgbẹ́ yín bá fi yín ṣe olórí iṣẹ́ náà, yálà ẹgbẹ́ ìjọ, ti mọ́sáláṣí tàbí ti àdúgbò, kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ̀kọ́ wa ti òní nìyẹn.

Iṣẹ́ àtijọ́ ni

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Àwọn baba wa ní àárò, wọ́n sì ní ọ̀wẹ̀. Nínú àárò, àwọn ẹlẹgbẹ́ a máa ṣiṣẹ́ fún ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Ní ti ọ̀wẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn ló ń pe àwọn ènìyàn jọ, a sì máa bọ́ wọn. Ẹni tó fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ a máa kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ fún àna rẹ̀.

Òkè òkun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1976, Millard Fuller àti Linda ìyàwó rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Habitat for Humanity sílẹ̀ ní ìlú Americus, ní Amẹ́ríkà. Jimmy Carter, tó ti jẹ́ Ààrẹ ilẹ̀ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn kan ìṣó ní 1984. Ní 2019, tó pé ẹni ọdún 95, ó ṣì ń bá wọn ṣiṣẹ́. Nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹni tí a ń kọ́ ilé fún náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Ìyá arúgbó kò lè gun òrùlé, ṣùgbọ́n ó lè ṣa ìṣó, ó sì mọ ibi tó ń jò ju gbogbo yín lọ. Ẹ jẹ́ kó bá yín ṣe é. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí a sọ òun di alágbe nínú ilé ara rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ilé

Ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Ẹ béèrè ẹni tó ni ilé. Bí ìyá náà bá jẹ́ ayálégbé, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé. Ẹ tún padà lọ ní ọjọ́ tí òjò bá ń rọ̀. Ibi tí omi ti ń kán lè má jẹ́ ibi tí ihò wà, torí pé omi a máa tọ igi àjà lọ kó tó kán sílẹ̀.

Ẹ wo ògiri pẹ̀lú. Bí ó bá sán gbàgà tàbí tó tẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ fi tó LASBCA létí, àjọ tó ń ṣọ́ ilé kíkọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2019, ilé kan wó ní Ìta Fáàjì, ilé ẹ̀kọ́ sì wà lókè rẹ̀. Àwọn ọmọ wà lára àwọn tó kú. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀wẹ̀.

Bí àjà bá jẹ́ ti asibẹ́sítọ́ọ̀sì, ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ, ẹ má sì fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ.

Pín iṣẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ká ní ẹ jẹ́ 20. Káfíńtà 2 àti géńdé 4 ni kó wà lókè. Ẹni 6 yóò máa na páànù sí wọn, wọn yóò sì di àkàbà mú. Ẹni 4 yóò máa ṣa ìṣó àti pàǹtí kúrò nílẹ̀. Ẹni 2 yóò máa dáná. Ẹnì kan yóò tọ́jú àpótí oògùn. Olórí ló kù: kò ní gun òkè o, ojú ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ pa iná mànàmáná ní orísun rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gòkè. Bí ibi tí àkàbà fara tì bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 12, kí ìdí rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 3. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 gun òrùlé. Bí ìṣó bá gún ẹnikẹ́ni, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́, kí ó sì lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọsibítù.

Ìsàlẹ̀ ni a ti ń to páànù lọ sókè, kí ti òkè lè gun ti ìsàlẹ̀ ní ínǹṣì 6. Ẹ kan ìṣó sí ibi tí páànù ti ga. Ẹ má kàn án sí kòtò rẹ̀, ibẹ̀ ni omi ń gbà kọjá.

Òfin tó ga jù

Ẹ má ṣí òrùlé tí ẹ kò ní lè bò kí ilẹ̀ tó ṣú. Òjò oṣù kẹjọ a máa dá, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Òrùlé tó ń jò sàn ju èyí tí a ṣí sílẹ̀ tí a sì bá tiwa lọ. Nítorí náà, apá kan òrùlé lẹ́ẹ̀kan, kí tapólì wà nítòsí. Ilé kan tó parí sàn ju márùn-ún tí a bẹ̀rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ

Ìyá náà mọ̀ pé olówẹ̀ ló ń bọ́ ọlọ́wẹ̀. Bí ẹ kò bá tètè sọ̀rọ̀, yóò lọ yá owó se ìrẹsì. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé, "Ìyá, ẹ má ṣèyọnu, a ó gbé oúnjẹ wa wá." Ọjà Mile 12 kò jìnnà, ẹ lọ ra nǹkan ọbẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá bu omi tútù fún yín, tàbí tó fún yín ní obì, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Tirẹ̀ náà nìyẹn.

Ní oṣù kẹsàn-án, tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ padà lọ kí i. Òjò ni yóò yẹ iṣẹ́ yín wò. Bí garawa bá ti kúrò láàárín yàrá, ẹ ti ṣe olórí.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àárò àti ọ̀wẹ̀?
2. Kí ló dé tí a fi ń lọ wo ilé nígbà tí òjò ń rọ̀?
3. Irú ilé wo ni kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀wẹ̀?
4. Ta ló nílò àtúnṣe ilé ní àdúgbò yín? Ẹ kọ ohun mẹ́ta tí ẹ ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.