Ìlú Bahia Lójú Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá: Èbúté, Ọjà àti Ilé Òrìṣà

ÌFÁÁRÀ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko baba ẹni tí ó tó ti baba òun. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá wí. Bí a bá ń ka ìlú tí a ti lè kọ́ ìmọ̀ nípa Yorùbá, Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn àti Kétu ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rántí ìlú èbúté kan ní òdì-kejì òkun, ní ilẹ̀ Brazil, tí ń jẹ́ Salvador, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì mọ̀ sí Bahia. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí ọmọ Yorùbá ṣe lè na ọjà ìlú náà já tí kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ tí yóò mú un dúró.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni kí a mú òǹkàwé yí ìlú náà ká. A ó sọ ìtàn rẹ̀ ní ṣókí, a ó gba òkè-ìlú kọjá, a ó dúró pẹ́ díẹ̀ ní ọjà, a ó sì yà sí ilé òrìṣà. Ìbéèrè kan ni a ń bá kiri: irú Yorùbá wo ni ó kù ní Bahia? Àwọn kan nínú wa a máa sọ pé Yorùbá tí ó ti bàjẹ́ ni. Àwọn mìíràn a ní ojúlówó Yorùbá ayé àtijọ́ ni, tí ohunkóhun kò yí padà lára rẹ̀. Lójú tiwa, apá méjèèjì ni kò tọ̀nà.

ÌTÀN ÌLÚ NÁÀ

Ní 1549 ni Tomé de Sousa, ẹni tí ọba ilẹ̀ Potogí rán wá, tẹ ìlú náà dó sí ibi tí òkun gbé ya wọ inú ilẹ̀. Òun ni olú-ìlú Brazil títí di 1763 tí wọ́n fi gbé ipò náà lọ sí Rio de Janeiro. Ṣúgà àti tábà ni ó sọ èbúté yìí di ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹrú ni ó ń gbin ìrèké, ẹrú ni ó ń fún un, ẹrú náà ni ó sì ń rù ú dé etí ọkọ̀. Tábà Bahia yìí kan náà ni àwọn oníṣòwò ń kó wá sí etíkun tiwa, tí wọ́n sì fi ń ra ènìyàn.

Àwọn ará Angola àti àwọn ará ilẹ̀ Dahomey ti wà níbẹ̀ kí àwọn Yorùbá tó pọ̀ níbẹ̀. Ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ jù, nígbà tí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ dàrú tí ogun sì ń fọ́ ìlú. "Nagô" ni wọ́n pè wọ́n níbẹ̀, orúkọ tí kò ṣòro fún wa láti dá mọ̀ pé Ànàgó ni.

Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́ ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní 1835, nínú oṣù ààwẹ̀ Ràmàdáánì, àwọn ẹrú àti àwọn tí ó ti gba òmìnira dìde pẹ̀lú ohun ìjà ní àárín ìlú. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, Nagô ni ó sì pọ̀ jù. "Malê" ni ìtàn ń pè wọ́n, èyí tí í ṣe "ìmàle" tiwa. Ìjọba ṣẹ́gun wọn, ó pa nínú wọn, ó na ọ̀pọ̀, ó sì lé àwọn mìíràn padà sí Áfíríkà. Lára irú àwọn bẹ́ẹ̀, àti lára àwọn tí ó fi owó ra ara wọn padà, ni a ti rí àwọn Àgùdà tí ó kọ́ ilé sí Èkó, Porto-Novo àti Ouidah. Ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 1888 ni òfin tó fi òpin sí ìmúnilẹ́rú ní gbogbo Brazil.

ÒKÈ-ÌLÚ

Ọ̀nà méjì ni ìlú náà pín sí: ìsàlẹ̀-ìlú tí ó wà létí omi, àti òkè-ìlú tí ó wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Láti 1873 ni ẹ̀rọ agbénigòkè kan tí a ń pè ní Elevador Lacerda ti ń gbé ènìyàn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, gíga rẹ̀ sì tó mítà 72. Kí wọ́n tó ṣe é, orí àti èjìká ẹrú ni ẹrù ń gbà gun òkè.

Pelourinho ni àdúgbò tí àlejò máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Àwọn ilé alárànbarà tí a fi ọ̀dà oríṣìíríṣìí kùn wà níbẹ̀, òkúta ni a sì fi tẹ́ ojú ọ̀nà. Ní 1985 ni àjọ UNESCO kà á mọ́ ogún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ má jẹ́ kí ẹwà ilé mú òun gbàgbé ìtumọ̀ orúkọ: òpó tí wọ́n ń so ènìyàn mọ́ láti nà án ní gbangba ni "pelourinho". Nígbà tí ìjọba sì tún àdúgbò náà ṣe ní àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ tálákà aláwọ̀ dúdú tí ń gbé inú àwọn ilé wọ̀nyí ni wọ́n kó kúrò. Ilé dára tán, onílé kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ilé ìjọsìn méjì ni kí a fi wé ara wọn. Èkíní ni São Francisco, tí wúrà bo inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ní oṣù kejì 2025, apá kan àjà rẹ̀ já lulẹ̀, ó sì pa àlejò kan. Èkejì ni ti Rosário dos Pretos, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún. Nítorí pé àkókò tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́ olúwa wọn ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ó gbà wọ́n tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ìtòsí ibẹ̀, nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn àtijọ́, ni ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti àwọn ọmọ Áfíríkà wà, tí a ṣí ní 1982. Níbẹ̀ ni a ti lè rí pákó gbígbẹ́ ńláńlá 27 tí Carybé fi ya àwòrán àwọn òrìṣà, pẹ̀lú ohun èlò ọwọ́ wọn.

ỌJÀ

Ọjà méjì ni ó gbajúmọ̀ ní ìsàlẹ̀-ìlú. Mercado Modelo wà nínú ilé tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń lò tẹ́lẹ̀, tí a kọ́ ní 1861. Ibòmíràn ni ọjà náà wà kí iná tó jó o ní 1969. Ní 1971 ni ó kó wá sí ibi tí ó wà, iná sì tún jó o níbẹ̀ ní 1984. Iṣẹ́ ọnà àti ohun tí àlejò lè gbé lọ sílé ni wọ́n ń tà jù níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìlú náà gan-an, kí ó lọ sí São Joaquim. Àwọn tí ọjà Água de Meninos jó mọ́ lọ́wọ́ ní 1964 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Iyàn-án níyán ẹran, ẹja, edé, ata, epo, ìkòkò amọ̀ àti ewé oríṣìíríṣìí ni ó wà níbẹ̀.

Ní ibi tí wọ́n ti ń ta ohun òrìṣà, akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè fún "obi", "orobô", "atarê", "efun" àti "uáji", wọn yóò sì fún un ní obì, orógbó, ataare, ẹfun àti wàjì. Kí ó tún fetí sí ọ̀rọ̀ kan tí ń jẹ́ "costa". Etíkun ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Potogí, ṣùgbọ́n etíkun kan ṣoṣo ni wọ́n ní lọ́kàn, ìyẹn etíkun tiwa. Aṣọ òfì ni "pano da costa", ọṣẹ dúdú ni "sabão da costa", ìko sì ni "palha da costa". Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò tí ń lọ tí ń bọ̀ láàárín Èkó àti Bahia ni wọ́n ń kó àwọn ọjà wọ̀nyí lọ. Àwọn tí a jí gbé lọ ni wọ́n ń rà wọ́n, nítorí pé ọṣẹ tí kò ti ilé wá kò wẹ orí wọn mọ́.

Nípa oúnjẹ, "acarajé" ni ọba gbogbo wọn. Ẹ̀wà bíbó ni wọ́n ń lọ̀, wọn a fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i, wọn a sì fi epo pupa dín in. Wọn a là á láàárín, wọn a fi edé, ata àti ọbẹ̀ sí inú rẹ̀. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé "àkàrà" àti "jẹ" ni ó di ọ̀rọ̀ kan. Ìyánsàn, èyíinì Ọya, ni ó ni ín, nítorí náà aṣọ funfun àti ìlẹ̀kẹ̀ ni àwọn obìnrin tí ń tà á máa ń wọ̀. Ní 2005 ni iṣẹ́ wọn wọ ìwé ogún orílẹ̀-èdè Brazil. Síbẹ̀, nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ti 2014 ń bọ̀, òfin àwọn tí ń ṣètò rẹ̀ fẹ́ lé wọn kúrò ní àyíká pápá ìṣeré Fonte Nova. Àwọn obìnrin náà kò gbà; wọ́n fi ẹgbẹ́ wọn jà títí tí a fi fún àwọn mẹ́fà láàyè.

Àwọn oúnjẹ mìíràn kọ́ni ní ẹ̀kọ́ pàtàkì nípa ìyípadà ìtumọ̀. "Acaçá" ni àkàsà, irú ẹ̀kọ tí a mọ̀. "Abará" ni ẹ̀wà lílọ̀ tí a pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a sì sè. Ọ̀ọ̀lẹ̀ ni lójú wa, ṣùgbọ́n ó jọ pé orúkọ àbalá, tí í ṣe ti ìrẹsì nílé, ni ó gbà. "Amalá" ni ó yani lẹ́nu jù: ilá ni wọ́n fi ń sè é fún Ṣàngó. Lọ́dọ̀ tiwa òkèlè ni àmàlà. Lọ́dọ̀ wọn orúkọ òkèlè ti di orúkọ ọbẹ̀.

ILÉ ÒRÌṢÀ

"Terreiro" ni wọ́n ń pe ilé òrìṣà. Casa Branca ni ọ̀kan nínú àwọn tí ó pẹ́ jù. Ní 1984 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a dáàbò bò ó, òun sì ni ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tí ó rí irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ gbà ní Brazil. Orúkọ rẹ̀ ní ẹ̀kún-rẹ́rẹ́ ni "Ilê Axé Iyá Nassô Oká". Ẹni tí ó bá mọ ètò ààfin Ọ̀yọ́ yóò mọ̀ pé Ìyá Nàsó ni obìnrin tí ń bójú tó Ṣàngó ọba. Oyè ààfin nìyẹn, tí ẹnì kan gbé la òkun kọjá láìsí ààfin, láìsí ọba.

Ní 1910 ni Eugênia Anna dos Santos dá Opô Afonjá sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, ó fi oyè méjìlá jẹ fún àwọn ọkùnrin tí yóò máa ran ilé Ṣàngó lọ́wọ́. Martiniano Eliseu do Bonfim, tí wọ́n bí ní Bahia ṣùgbọ́n tí ó ti kàwé ní Èkó nígbà èwe rẹ̀, ni ó bá a ronú rẹ̀. Ọ̀dọ̀fin, Kakaǹfò, Arẹ̀sà, Oníkòyí àti Olúgbọ́n wà nínú àwọn oyè náà.

IRÚ YORÙBÁ WO NI?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè wa. Àwọn tí ó ní ó ti bàjẹ́ kò ṣàkíyèsí pé ìyípadà náà ní òfin. Potogí kò ní "gb", nítorí náà "ẹ̀gbọ́n mi" di "ebômi". "Ṣ" di "x" lórí ìwé, bí a ti rí i nínú "axé" àti "Xangô". "W" di "u" nínú "uáji". Àmì orí ọ̀rọ̀ ni ó sì lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà jù. Nínú "orixá", àmì tí ó wà lórí "a" kì í ṣe àmì ohùn òkè. Ibi tí wọ́n ti ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ni ó ń fi hàn. Ohùn ìsàlẹ̀ ni òrìṣà fi parí, ohùn àárín ni àṣẹ fi parí, ṣùgbọ́n àmì kan náà ni wọ́n fi sórí "orixá" àti "axé". Ohùn ti sọnù; àpẹẹrẹ èdè mìíràn ni ó gba ipò rẹ̀.

Ìtumọ̀ pẹ̀lú yí padà ní ọ̀nà tí ó bọ́gbọ́n mu. "Iaô" ni ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jọ̀sìn òrìṣà, ọkùnrin ni o, obìnrin ni. Bí ó bá pé ọdún méje tí ó sì ṣe ètùtù tí ó yẹ, ó di "ebômi". Àwọn tí a ya kúrò lọ́dọ̀ ẹbí fi ọ̀rọ̀ ẹbí dá ẹbí mìíràn sílẹ̀.

Àwọn tí ó ní kò sí ohun tí ó yí padà náà ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Yorùbá nìkan kọ́ ni ó kọ́ Bahia. "Dendê" tí wọ́n ń pe epo pupa, láti Angola ni ó ti wá. Àwọn "Jeje" sì mú èdè àti vodun ilẹ̀ Dahomey wá. Ẹ̀wẹ̀, èdè orin, àdúrà, oyè àti oúnjẹ ni Yorùbá níbẹ̀, kì í ṣe èdè tí ìyá fi ń bá ọmọ wí. Ìdí nìyí tí àwọn ará ibẹ̀ fi wá olùkọ́: ní 1959 ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Bahia dá ibùdó ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà àti Ìlà-Oòrùn sílẹ̀, E. L. Lasebikan sì ti Nàìjíríà lọ kọ́ wọn ní Yorùbá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Ohun tí a rí fi hàn pé Yorùbá Bahia kì í ṣe èyí tí ó bàjẹ́, kì í sì í ṣe èyí tí ó dúró sójú kan. Yorùbá tí ó ṣiṣẹ́ ni. Àwọn tí a gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ wọn fi í dá oyè sílẹ̀, wọ́n fi í tajà, wọ́n sì fi í sọ ara wọn di ẹbí.

Iṣẹ́ tí ó kù fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Kí ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ lórí ìró èdè kó àwọn ọ̀rọ̀ ọjà São Joaquim jọ, kí ó sì fi wọ́n wé àwọn ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́, Kétu àti Ẹ̀gbá. Kí ẹni tí ó bá ń kọ́ lítíréṣọ̀ fi orin òrìṣà ibẹ̀ wé tiwa. Ẹni tí kò bá sì rí owó ọkọ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní Pópó Àgùdà ní Èkó, níbi tí àwọn tí ó padà wá kọ́lé sí. Ṣùgbọ́n kí a tó lọ bi àwọn ará Bahia pé kí ni Ọ̀dọ̀fin, kí ni Arẹ̀sà, ó yẹ kí àwa tí a wà nílé lè dáhùn rẹ̀ láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ ṣí ìwé wò.