Ẹrù Àná àti Ẹrù Ọ̀la

Ẹ̀KỌ́ FÚN KÍLÁÀSÌ ÀGBÀ

Ibi Kíkà: Matteu 6:25-34; Filippi 3:4-14; 4:4-7
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Matteu 6:34 (Kí olúkúlùkù kà á sókè láti inú Bíbélì tirẹ̀.)
Kókó Ẹ̀kọ́: Ọlọ́run ń fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ òòjọ́ fún ẹrù òòjọ́. Ẹni tí ó bá kó ẹrù àná àti ẹrù ọ̀la lé ti òní, yóò wó lábẹ́ rẹ̀.

BÍBÉLÌ KÍKÀ OJOOJÚMỌ́
Ọjọ́ Ajé: Eksodu 16:13-21
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Orin Dafidi 32
Ọjọ́rú: Ẹkún Jeremiah 3:19-26
Ọjọ́bọ̀: Luku 19:1-10
Ọjọ́ Ẹtì: Johannu 21:15-19
Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Filippi 4:4-9
Ọjọ́ Ìsinmi: Matteu 6:25-34

ÌFÁÀRÀ

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà síra. Ní ìhà kan ni èbúté wà, níbi tí àwọn ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù. Ní ìhà kejì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi ọwọ́ àti èjìká wọn ṣiṣẹ́ ní èbúté ń gbé pẹ̀lú ìdílé wọn. Ẹni tí ó bá ń gbé níhìn-ín mọ ohun tí ẹrù jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹrù méjì kan wà tí a kì í kó sínú kọntéínà. Wọ́n ń bá ènìyàn wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n ń bá a dé ọjà, wọ́n sì ń bá a jókòó lórí ìjókòó ilé ìsìn nígbà tí a bá ń kọrin. Ẹrù àná ni àbámọ̀, tí í máa wí pé, "Èmi ìbá ti mọ̀." Ẹrù ọ̀la ni àníyàn, tí í máa wí pé, "Báwo ni yóò ti rí?" Kí ni Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wí nípa méjèèjì?

I. ẸRÙ TÍ ÈBÚTÉ KÒ LÈ GBÀ

Àwọn àgbà tí ó wà ní Àpápá nígbà náà kò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ símẹ́ǹtì. Ní ọdún 1974 àti 1975, owó epo pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon. Ìjọba fẹ́ kọ́ bárékè fún àwọn ọmọ ogun, ó sì fẹ́ kọ́ ọ̀nà àti ilé sí ilẹ̀ wa. Ohun rere ni. Wọ́n ránṣẹ́ ra símẹ́ǹtì bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n símẹ́ǹtì tí èbúté Èkó lè gbà lọ́dún kan kò ju bí mílíọ̀nù 1 tọ́ọ̀nù lọ. Ẹrù ogún ọdún ni wọ́n pè wá sẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kí ọdún 1975 tó parí, ọkọ̀ tí ó ju 400 lọ ti tò sójú omi lẹ́bàá Èkó, símẹ́ǹtì ni ó sì wà nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn mìíràn dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù láìrí àyè gúnlẹ̀. Nínú símẹ́ǹtì náà, òmíràn gba ọ̀rinrin, ó sì dì gbagidi sínú ọkọ̀. Síbẹ̀, owó ìdádúró ń gun àwọn tí ó ra ẹrù náà lójoojúmọ́, bí a kò tilẹ̀ tíì já àpò kan sílẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tí ó kó ọjà mìíràn tí ará ìlú nílò lọ́jọ́ náà gan-an kò sì tètè rí àyè. Ní 1977 ni a ṣí èbúté Tin Can Island, kí àyè lè gbòòrò sí i.

Ẹ kíyè sí i pé símẹ́ǹtì kò burú. Ilé tí a fẹ́ fi kọ́ kò burú pẹ̀lú. Ohun tí ó ba ọ̀ràn jẹ́ ni pé ẹrù ọ̀pọ̀ ọdún bọ́ sórí ọjọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àníyàn ń ṣe ọkàn ènìyàn. Owó ilé ọdún tí ń bọ̀, owó ìdánwò ọmọ, òjò tí yóò kún àdúgbò, àìsàn tí kò tíì ṣe wá: gbogbo wọn tò sẹ́nu èbúté ọkàn ní òru ọjọ́ kan. A ń fi oorun àti ìlera san owó ìdádúró fún wọn, kò sì sí èyí tí a já sílẹ̀.

II. ẸRÙ Ọ̀LA (Matteu 6:25-34, Eksodu 16)

Olúwa wa Jesu kò sọ pé ọ̀la kò ní wàhálà. Ó sọ pé ọ̀la ní ti tirẹ̀, òní náà sì ní tirẹ̀ tí ó tó o. Ó tọ́ka sí ẹyẹ ojú ọ̀run. Ṣé ẹyẹ a máa jókòó nínú ìtẹ́ kí oúnjẹ wá bá a? Rárá, a máa jáde ní kùtùkùtù láti wá a. Nítorí náà Olúwa kò kọ̀ fún wa láti ṣe ètò. Ìyá tí ó ń dá èésú nítorí owó ilé-ìwé ọmọ kò ṣẹ̀. Ètò a máa parí sí iṣẹ́ tí a lè ṣe lónìí. Àníyàn a máa yí po lójú kan, kò sì ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́.

Ẹ wo àwọn ọmọ Israeli nínú aginjù. Òòjọ́ ni Ọlọ́run ń fún wọn ní manna. Àwọn tí ó pa á mọ́ di ọjọ́ kejì nítorí ìbẹ̀rù rí i pé ó ti yọ ìdin, ó sì ń rùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹfà, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n kó ìlọ́po méjì nítorí ọjọ́ ìsinmi, èyí kò sì bàjẹ́. Ìpamọ́ tí Ọlọ́run pa láṣẹ dára. Èyí tí ìbẹ̀rù bá pa láṣẹ ni í rà.

Àníyàn tún ní ewu mìíràn. Òun ni í mú kí ẹlòmíràn ná owó oúnjẹ ilé fún ẹni tí ó ní òun ń rí ọ̀la. Ẹ̀yin ará, Ẹni tí ó ni ọ̀la kì í gba owó kí ó tó gbọ́ àdúrà.

III. ẸRÙ ÀNÁ (Filippi 3:4-14)

Àwọn baba wa ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀; gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Kò sí ẹran tí a lè pa kí àná padà wá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní 2006, ìjọba fi iṣẹ́ èbúté Àpápá lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ èbúté. Ká ní ọkùnrin yìí wà lára wọn. Ó fi owó tí wọ́n fún un ra bọ́ọ̀sì dánfó àlòkù, kò sì tẹ́tí sí ìyàwó rẹ̀ tí ó ní kí wọ́n fi parí ilé. Bọ́ọ̀sì náà kò lo ọdún méjì tí ó fi kú. Láti ìgbà náà ni ó ti ń ka owó náà lọ́kàn, tí kì í sì í lè wo ojú ìyàwó rẹ̀. Owó náà ti lọ. Ó ha yẹ kí àlàáfíà ilé rẹ̀ náà bá a lọ?

Ọ̀nà méjì ni àbámọ̀ lè gbà mú ènìyàn. Ní òru kan náà ni Judasi àti Peteru ṣubú. Judasi kábàámọ̀, ó dá fàdákà padà fún àwọn olórí àlùfáà, àwọn yẹn kò sì dá a lóhùn rere. Òun nìkan ni ó lọ ṣe ara rẹ̀ ní ibi. Peteru sunkún kíkorò, ṣùgbọ́n kò ya ara rẹ̀ kúrò láàrin àwọn ará. Ibẹ̀ ni Olúwa ti wá bá a lẹ́bàá òkun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Jesu bi í léèrè ìfẹ́ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sì fún un ní iṣẹ́. Ẹbọ àbámọ̀ tí àwọn ọ̀tọ̀kùlú kò rí, Ọlọ́run rí i nínú Kristi.

Nígbà tí Paulu sọ pé òun ń gbàgbé ohun tí ó wà lẹ́yìn, kì í ṣe pé iyè rẹ̀ ra. Nínú orí kan náà, ní ẹsẹ kẹfà, ó rántí pé òun ṣe inúnibíni sí ìjọ. Ó rántí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìrántí náà dá òun dúró lórí eré. Ẹ rántí pẹ̀lú pé Sakeu dá ohun tí ó fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Bí gbèsè bá wà tí a lè san, tàbí ẹnìkan tí a lè bẹ̀, ìgbàgbọ́ kò sọ pé kí a gbàgbé rẹ̀. Kí a lọ san án, kí a lọ bẹ̀ ẹ́. Èyí tí kò ní àtúnṣe mọ́ ni kí a fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. A óò tún omi mìíràn pọn.

IV. BÍ A Ó TI MÁA ṢE É LÓJOOJÚMỌ́

Ní ọdún 2021, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan tí a pè ní Ètò fún àwọn tírélà tí ń lọ sí èbúté Àpápá. Ṣáájú ìgbà náà, tírélà a máa tò sójú títì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, àwọn awakọ̀ a sì máa sùn sábẹ́ ọkọ̀. Ìlànà náà ni pé kí ọkọ̀ kankan má wá títí a ó fi pè é. Wàhálà ọ̀nà náà kò tán pátápátá, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀ fún wa.

1. Ní òwúrọ̀, kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀, ẹ dárúkọ ohun tí ń dà yín láàmú níwájú Ọlọ́run, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọpẹ́ kún un, gẹ́gẹ́ bí Filippi 4:6 ti kọ́ wa.
2. Ẹ bi ara yín pé, "Èwo ni Ọlọ́run pè mí sí lónìí nínú wọn?" Ẹ ṣe ìyẹn. Kí ìyókù dúró títí a ó fi pè é.
3. Ní alẹ́, bí ẹ bá ti ṣẹ ẹnìkan, ẹ jẹ́wọ́, kí ẹ sì pinnu ìgbà tí ẹ ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ sùn. Àánú tuntun ń bọ̀ lówùúrọ̀.
4. Ẹ má ṣe dá ru ú. Ẹ sọ fún arákùnrin tàbí arábìnrin kan tí ẹ fọkàn tán. Bí àìsùn àti ìbànújẹ́ bá sì pẹ́ lára, ẹ lọ rí dókítà. Láti 1907 ni ilé ìwòsàn tí ó wà ní Yábàá ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn dàrú. Lílọ síbẹ̀ kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ètò àti àníyàn? Ẹ mú àpẹẹrẹ kan wá láti ibi iṣẹ́ tàbí ọjà yín.
2. Kí ni Peteru ṣe tí Judasi kò ṣe?
3. Bí ọkùnrin inú àpẹẹrẹ wa bá wà nínú kíláàsì yìí, kí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣe nígbà tí ó bá délé lónìí? Kí ni kíláàsì lè ṣe fún un?

IṢẸ́ Ọ̀SẸ̀ YÌÍ: Kí olúkúlùkù yan ohun kan tí ó lè tún ṣe nínú ọ̀ràn àná, kí ó sì ṣe é kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó dé. Kí a bẹ ará kan wò tí a kò rí ní ìsìn láti ìgbà tí iṣẹ́ tàbí ọjà rẹ̀ ti bàjẹ́.

ÀDÚRÀ: Baba wa, àná wà lábẹ́ ẹ̀jẹ̀ Ọmọ rẹ, ọ̀la sì wà lọ́wọ́ rẹ. Fún wa ní agbára tí ó tó ti òní. Ní orúkọ Jesu. Àmín.