Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí Ọwọ́ Dúró: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Ọ̀dọ́ Oníṣẹ́ ní Tamale

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn àti ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn ní Tamale, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí àwọn baba yín ti Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété àti Ìlọrin Àfọ̀njá wá ṣòwò sí ilẹ̀ Dàgòḿbà kí òfin ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sílé, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ onílùú tí ẹ jọ ń dúró nídìí tábìlì kan náà ní University for Development Studies ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń múra àtikọ́ iṣẹ́ yíyọ erékùṣù Langerhans láti ara ẹran, kí ó fetí sílẹ̀.

Nínú páńkíríásì, ẹ̀yà ara tí ó sùn sẹ́yìn ikùn, iṣẹ́ méjì ni ó ń lọ lọ́wọ́: èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń pèsè omi tí ń da oúnjẹ, ṣùgbọ́n àwọn erékùṣù kéékèèké tí Paul Langerhans ṣàpèjúwe wọn ní Berlin ní ọdún 1869, tí gbogbo wọn kò ju ìdá 1 tàbí 2 nínú 100 lọ, ni ó ń tú ínsúlíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1893, ní Bristol, dókítà Watson-Williams gbin ègé páńkíríásì àgùntàn sára ọmọkùnrin ọmọ ọdún 15 tí àtọ̀gbẹ ń pa lọ, ọmọ náà sì kú lẹ́yìn ọjọ́ 3. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ nígbà náà bí a ti ń ya erékùṣù kúrò lára ẹran tí ó yí i ká. Ọdún 1967 ni Lacy àti Kostianovsky, ní St. Louis, la ọ̀nà náà lára eku. Nígbà tí ó sì di ọdún 2000, Shapiro àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Edmonton ròyìn aláìsàn 7 tí wọ́n gba erékùṣù lára òkú ènìyàn, tí gbogbo wọn sì bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì. Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ yìí, iṣẹ́ ọlọ́lá ni.

Ẹ má fọwọ́ kan eku láìgba àṣẹ ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ìlò ẹran fún ìwádìí, kí ẹ sì rí i dájú pé oògùn akunilóorun ti mú un kí abẹ tó kàn án. Níbi tí ọ̀nà òróòro ti wọ ìfun ni kí ẹ ti dì í pa. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ti ìhà ẹ̀dọ̀ fi abẹ́rẹ́ wọ ọ̀nà náà, kí ẹ sì máa ti omi collagenase tútù, oògùn tí ń tú ẹran tí ó so erékùṣù mọ́lẹ̀, wọlé díẹ̀díẹ̀, títí páńkíríásì yóò fi wú, tí yóò tàn kálẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ yóò sì máa là á kọjá. Apá tí kò bá wú, oògùn kò dé ibẹ̀, ìrù rẹ̀ tí erékùṣù pọ̀ sí ni ó sì sábà máa ń ṣẹ́kù. Ẹ má sì fi àkókò ṣòfò lẹ́yìn ikú ẹran, nítorí omi tí ń da oúnjẹ kì í pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í da ilé ara rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá yọ páńkíríásì náà, tí ẹ sì gbé e sínú omi tí ó gbóná tó 37°C, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni ẹ dé yìí. Ẹ ti rí àwọn obìnrin wa tí ń ṣe àdín, bí wọ́n ti ń pa èkùrọ́ ní pípa tí èèpo yóò fi là tí ọmọ inú rẹ̀ kò ní fọ́, tí wọ́n sì ń dà á sínú omi amọ̀ kí èésan lè rì, kí ọmọ inú lè léfòó: bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gbogbo iṣẹ́ yìí, láti orí collagenase títí dé orí Ficoll, omi tí a fi ń ya erékùṣù sọ́tọ̀ nípa ìwúwo. Collagenase kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dáwọ́ dúró. Ẹ̀yin ni ẹ ó mọ̀ ọ́n fún un. Fún eku, ìṣẹ́jú 15 sí 20 sábà máa ń tó, ṣùgbọ́n ìgò kan kò jọ èkejì bí ilé-iṣẹ́ kan náà tilẹ̀ ṣe wọ́n, nítorí náà ẹ dán ìgò tuntun wò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ gbọn ìgò tí páńkíríásì wà nínú rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹran bá ti tú wẹ́wẹ́ tí ẹ kò rí ègé ńlá mọ́, ẹ da omi tútù tí a fi serum sí lé e lórí lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí ó ń yọ̀ tí ó sì ń fà, sẹ́ẹ̀lì ti kú, àbùdá inú wọn ti tú jáde, ẹ ti pẹ́ jù.

Ooru Tamale ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ sí èyí. Ní oṣù Kẹta, ooru ọ̀sán sábà máa ń kọjá 37°C, ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná kò sì lè mú un tutù ju yàrá tí ó wà lọ. Bí yàrá bá jẹ́ 39, omi yín jẹ́ 39, collagenase yóò sì yára ju aago yín lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ sì gba ẹ̀rí òṣùwọ̀n ooru tí ẹ tì bọ inú omi ju nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ lọ. Bí dumsor bá mú iná lọ lóru, oògùn tí ó yọ́ nínú fírísà kì í ṣe oògùn àná mọ́. Ẹ má sì ṣí ìgò collagenase bí ó ti ń tutù láti inú fírísà, nítorí ìrì yóò wọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ná.

Nípa ti Ficoll, ẹ fi omi tí ó wúwo jù sísàlẹ̀, kí ẹ fi èyí tí ó fúyẹ́ lé e díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má sì fi bíréèkì sí sẹntirifúùjì nígbà tí ó bá ń dúró, kí ìpele má baà dàrú. Ẹran tí ń pèsè omi ìdaoúnjẹ yóò rì, erékùṣù yóò dúró láàárín. Bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀: ẹ kán aró dithizone sí i, erékùṣù yóò pọ́n, èyí tí ó kù kò ní pọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wá ìmọ́tónítóní débi tí ẹ ó fi tún un fọ̀, tí ẹ ó tún un yí, títí ìdajì èrè yín yóò fi bá omi lọ. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Èmi fẹ́ràn erékùṣù tí ó yè kooro tí ẹran díẹ̀ lẹ̀ mọ́, ju èyí tí ó mọ́ gaara tí kò lè ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ lo páńkíríásì ẹlẹ́dẹ̀, ẹ rántí pé ìlú Mùsùlùmí ni Tamale. Ẹ bá àwọn tí ẹ jọ ń lo yàrá sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹ ya ohun èlò rẹ̀ sọ́tọ̀. Erékùṣù ẹlẹ́dẹ̀ àgbà sì jẹ́ ẹlẹgẹ́ ju ti eku lọ, ó ń tètè fọ́, ẹ dín ìgbọ̀n rẹ̀ kù.

Kí ẹ tó gbin erékùṣù sára ẹran, ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú nínú omi ìtọ́jú ní 37°C, kí ẹ wá fi í sínú ṣúgà díẹ̀, lẹ́yìn náà nínú ṣúgà púpọ̀, kí ẹ wọn ínsúlíìnì tí ó tú jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ti ṣúgà púpọ̀ kò bá ju ti ṣúgà díẹ̀ lọ, bí ó ti wù kí ó rẹwà tó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín gẹ́gẹ́ bí ó ti rí, kí ẹ má sì gbìn ín sára ẹran kankan.