Nígbà tí Wàhálà Bá Gba Oorun Lójú Rẹ

Àbúrò mi, sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí a máa ń pa mọ́ nínú ilé ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Tí orí ẹnì kan bá dàrú ní àdúgbò wa, àlàyé tí wàá gbọ́ kì í ju méjì lọ: wọ́n ní ayé ló ṣe é, tàbí wọ́n ní ó ti wà nínú ìdílé wọn tẹ́lẹ̀. Ṣàṣà lẹni tó máa ń bèèrè pé, "Òru mélòó ló ti lò láìsùn?" Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí o máa bi ara rẹ àti àwọn tí o fẹ́ràn.

Ká má ṣi ara wa lọ́nà o. Másùnmáwo nìkan kì í sọ èèyàn di wèrè. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ẹni tó ń jí láago mẹ́rin ìdájí ní Ìkòròdú kó tó lè débi iṣẹ́ ní Victoria Island ì bá ti kún ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá. Lọ́dún 1977, àwọn onímọ̀ méjì, Joseph Zubin àti Bonnie Spring, ṣe àlàyé kan tí àwọn dókítà ọpọlọ ṣì ń lò títí dòní: ohun méjì ló máa ń pàdé, bí ara ẹni ṣe rí láti ìpìlẹ̀ àti ohun tí ayé gbé lé e lórí. Wo alábàárù méjì lọ́jà Oyíngbò. Àpò ìrẹsì kan náà ni wọ́n gbé rù wọ́n. Ọ̀kan rìn lọ, èkejì wó lulẹ̀, torí ọrùn rẹ̀ ti fara pa láti ọjọ́ pípẹ́. Ká ní ẹrù yẹn fúyẹ́ ni, bóyá kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ láéláé pé ọrùn ń dùn ún.

Oríṣiríṣi nǹkan ló lè fa irú ìpalára bẹ́ẹ̀. Kí àìsàn ọpọlọ ti wà nínú ẹbí wà níbẹ̀. Kí wọ́n ti lu ọmọ ní ìlùkulù tàbí kí wọ́n ti bá a ṣèṣekúṣe ní kékeré wà níbẹ̀. Igbó náà wà níbẹ̀ gidigidi, pàápàá fún ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún kó tó pé ogún ọdún. Ẹni tí mo ń sọ yìí lè jẹ́ ọ̀rẹ́kùnrin rẹ, àbúrò rẹ ọkùnrin, tàbí ìwọ fúnra rẹ. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n tí o bá mọ̀ pé ẹnì kan nínú ẹbí yín ti ṣe àìsàn ọpọlọ rí, jọ̀wọ́, fi igbó sílẹ̀ pátápátá.

Kí ni wàhálà máa ń ṣe nínú ara gan-an? Tí ìbẹ̀rù bá dé, ọpọlọ máa ránṣẹ́ sí ẹ̀yà ara kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín, wọ́n á sì tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Fún wákàtí díẹ̀, ó wúlò: òun ló ń bá ara wá agbára tí yóò fi kojú ewu. Àmọ́ tí wàhálà bá di ti ojoojúmọ́, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ti èròjà mìíràn, dopamine, kọjá ààlà. Dopamine ló máa ń sọ fún ọpọlọ pé, "Dúró, fiyè sí èyí, ó ṣe pàtàkì." Nígbà tó bá pọ̀ jù, gbogbo nǹkan ló máa di pàtàkì. Ará ilé kejì wúkọ́, ó ti di àmì. Ọkọ̀ dúdú kan kọjá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti ń ṣọ́ ẹ nìyẹn. Ìrònú tó yí padà yẹn kì í dé lójijì. Ó máa ń yọ́ wọlé ni.

Mo ní ìbátan kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó yá owó lórí fóònù láti fi san owó ilé. Nígbà tí kò rí i san, àwọn tó yá a lówó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù náà pé olè ni. Oorun ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, ó ń fọ aṣọ láago méjì òru, aṣọ tó ti fọ̀ mọ́ lánàá. Ó ní òun ò jẹ ọbẹ̀ tí ẹlòmíì bá sè mọ́. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí i, ó ti da ìró bo tẹlifíṣọ̀n, ó gbé fóònù sínú ìkòkò, ó sì fi ọmọrí dé e. Ó rọra sọ sí mi létí pé obìnrin tó ń ka ìròyìn ń pòwe mọ́ òun. Kò pariwo, kò fa aṣọ ya mọ́ra. Èyí ló yẹ kí o fi sọ́kàn, nítorí ojú wa ti mọ́ ẹni tó wà ní títì pẹ̀lú àkísà, a ò mọ ẹni tó ṣì ń wẹ̀, tó ń para, àmọ́ tí ọkàn rẹ̀ ti ń yà kúrò lọ́nà.

Ìmọ̀ràn tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ fún un ni ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú ìṣọ́ òru. Ọmọ àdúrà ni mí, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ: ẹni tí oorun ti dá lójú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe ìṣọ́ òru. Àìsùn fún ọjọ́ mélòó kan léra lè mú kí ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá máa rí ohun tí kò sí. Ẹ̀yin ẹ gbàdúrà, kí òun máa sùn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ó mọ́lẹ̀. Lọ́dún 2019, Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè ní Nàìjíríà, títí kan inú ilé ìjọsìn àti ilé oníṣègùn. Ẹni tí ìbẹ̀rù ti pa ọpọlọ rẹ̀ lára, ṣé ìdè la ó tún fi tọ́jú rẹ̀?

Ọmọ Abẹ́òkúta kan ti fi ọ̀nà mìíràn hàn wá tipẹ́. Láti ọdún 1954, ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró ní Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ní kí àwọn aláìsàn máa gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ẹbí wọn kan wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n á lọ gba ìtọ́jú, wọ́n á sì padà sáàárín èèyàn, síbi tí wọ́n ti ń dáná, tí wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́ oko. Ní London náà, olùwádìí George Brown àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé aláìsàn tó padà sílé tí wọ́n ti ń bú u, tí wọ́n ń dá a lẹ́bi, ni àìsàn náà tètè máa ń padà kọlù. Nítorí náà, ẹnu wa nínú ilé jẹ́ ara ìtọ́jú. Má bá a jiyàn pé kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, má sì gbà pé wọ́n ń ṣọ́ ọ. Sọ pé, "Ẹ̀rù yìí á mà ti sú ọ o. Ṣé o ti sùn?" Má fi í rẹ́rìn-ín, má sọ ọ́ lórí WhatsApp ẹbí.

Fún ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Tí òru mẹ́ta bá kọjá tí oorun kò kùn ọ́ dáadáa, tí ara rẹ sì ń ta gìrì, tọ́jú rẹ̀ bí o ṣe máa tọ́jú ibà. Yọ ohun kan kúrò lọ́rùn lọ́sẹ̀ yẹn: òde kan, àjọ kan, iṣẹ́ àfikún kan. Sọ gbèsè náà fún ẹnì kan tó lè pa ẹnu mọ́, torí ìtìjú ló ń jẹ́ kó wúwo. Má fi ọtí wá oorun. Tí o bá wá ń gbọ́ ohùn, tàbí tó ń ṣe ọ́ bíi pé gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ rẹ, ilé ìwòsàn ló kàn. Aró wà, Yábàá wà, UCH ní Ìbàdàn wà. Bí ìtọ́jú bá ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìrètí ìmúláradá ṣe máa ń pọ̀ tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ gbọ́ tiyín. Abísínwín máa ń ṣe obìnrin bí ọ̀kan sí méjì nínú 1,000 tó bá bímọ, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ìyípadà ara lẹ́yìn ìbí ló lágbára jù níbẹ̀, àìsùn sì lè dá kún un. Ṣé o rí i pé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ kẹjọ, bọ́ sáàárín àkókò yẹn gan-an? Àlejò ń wọlé, ìyá ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ó ń kúnlẹ̀ kí àna. Kí ìyá àgbà tó wá wẹ ọmọ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ lóru, kó lè sùn fún wákàtí mélòó kan léra. Tí ọmọ bá sùn, tí ìyá kò lè sùn, tó ń sọ̀rọ̀ wéréwéré tàbí tó ń sọ nǹkan àjèjì nípa ọmọ náà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ má sì fi òun àti ọmọ sílẹ̀ láwọn nìkan.

Ìwọ tí o jápa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí o ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé àwọn arúgbó, mi ò gbàgbé rẹ. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2006, tí wọ́n ṣe ní London, Nottingham àti Bristol, fi hàn pé àìsàn orí dídàrú yìí pọ̀ láàárín àwọn adúláwọ̀ níbẹ̀ ju láàárín àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ìdánìkanwà àti ẹ̀tanú wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí. Wá ẹni tí wàá máa bá sọ Yorùbá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe lórí fóònù nìkan. Tí nǹkan bá ń yí padà lọ́kàn rẹ, lọ bá dókítà àdúgbò rẹ, kí o sọ pé o fẹ́ rí àwọn tó ń tọ́jú àìsàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ìlànà pé kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìbátan mi yẹn ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó lo oògùn, ó sùn, ẹbí sì jókòó ti àwọn olówó yẹn títí gbèsè fi parí. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó fẹ́ da oògùn nù, a sì bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ẹnì kan nílé yín ni, ẹ bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Dókítà ló mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dín in kù, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì máa ń dín in.